Áńgẹ́lì Orí Igi Wa

₦32,000 ni oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ pe igi Kérésì oníke fún mi lọ́dún 2024. Igi ọ̀hún ò sì ga ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Mo ní, ṣé ó máa ń so owó ni? Ó ní, "Màmá, títí ẹ máa fi di ìyá àgbà lẹ máa lò ó." Mo kí i pé ó kú ọjà, mo wọ mọ́tò, ó dilé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ìbejì ti sọ fún gbogbo ọmọ àdúgbò pé igi máa wà nílé wa. Bàbá wọn, tó jẹ́ pé ìtàn ló máa ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, ní àwọn ará Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ igi Kérésì. Ó ní Hinderer tó wá wàásù ní Kúdẹtì ní 1853 gan-an, ọmọ Jámánì ni. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé Hinderer máa bá wa san owó igi ni?" Ó gbé ìwé ìròyìn bojú.

Mo bẹ ẹni tó ń tọ́jú ọgbà níbi iṣẹ́ wa, ó gé ẹ̀ka igi kan fún mi, irú èyí tó máa ń súfèé tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i. Mo rì í sínú garawa ọ̀dà tí mo rọ yanrìn kún. Tẹ́lọ̀ mi fún mi ní àjákù ańkárá lọ́fẹ̀ẹ́, mo fi wé garawa náà bí ẹni ń wé gèlè fún ìyàwó. A fi bébà góòlù di ìdérí ìgò mínírà, a so wọ́n rọ̀ bíi yẹtí. Mo wá tú òwú sórí ewé. Kẹ́hìndé ní, "Mọ́mì, kí lèyí?" Mo ní yìnyín ni. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí bí ọyẹ́ ṣe fi eruku kun mọ́tò aládùúgbò, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n gúgúrú gan-an ni baba ẹ̀. Èmi àtàwọn ìbejì jókòó sílẹ̀, à ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ìránṣọ sin ín bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹn èyí tí Táíwò ò bá tíì jẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ méje la fi yí igi náà ká. Gbogbo ìnáwó wa, ₦3,200! Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Ọ̀yọ́ wá bá wa ṣọdún, yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, ó dáa o. Àmọ́ oúnjẹ lo gbé kọ́ yìí." Mo rò pé àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Orí igi nìkan ló ṣófo. Mo ṣèlérí fáwọn ọmọ pé áńgẹ́lì máa dé síbẹ̀ kó tó dọjọ́ Kérésì.

Nígbà tó ku ọ̀la kó di ìṣọ́ ọdún, Bàbá Ìbejì ra àkùkọ ńlá kan ní Bódìjà. Olè adìẹ kì í sùn nírú àsìkò yẹn, ni mo bá ní ká so ó mọ́ ẹsẹ̀ àga ní pálọ̀. Okùn ńkọ́? Èmi ọ̀mọ̀wé ìṣọ́wóná, mo mú òwú ìránṣọ tó ṣẹ́ kù, mo ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́rin. Àkùkọ náà wo òwú, ó wo igi, ó dákẹ́. Ó yẹ kí n ti fura.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, iná ò sí, Ìyá jáde sí pálọ̀ láti gbàdúrà. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Jésù ọmọ Dáfídì, ṣàánú fún mi!" Èyí tó tẹ̀ lé e ni, "Kùkúrúùkúù!"

Mo fi iná fóònù sáré jáde. Lókè téńté igi, níbi tó ṣófo yẹn gan-an, ni ọ̀gbẹ́ni náà bà sí. Bébà góòlù lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, òwú yìnyín wà lẹ́nu ẹ̀, ó sì ń wò wá bíi pé àwa la wá jalè. Nínú ìlẹ̀kẹ̀ méje, fọ́nrán òwú lásán ló kù. Táíwò jáde, ó ń nujú: "Mọ́mì, áńgẹ́lì ti dé!"

Ibẹ̀ ni garawa ti fì. Igi, àkùkọ, ìdérí ìgò, yanrìn, gbogbo ẹ̀ ya lulẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì. Bàbá Ìbejì ní àkùkọ ṣáà wà nínú Bíbélì. Ìyá ẹ̀ ní, "Ti ọdún Àjíǹde nìyẹn. Padà lọ sùn."

Lọ́jọ́ ìṣọ́ ọdún, bí mo ṣe mú ọ̀bẹ báyìí, àwọn ìbejì figbe bọnu: ta ló ń fi áńgẹ́lì se ọbẹ̀? Wọ́n ké débi pé ará ilé kejì wá bẹ̀ mí. Mo padà sí Bódìjà, ₦30,000 ni wọ́n ta adìẹ mìíràn fún mi. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀ mọ́ owó igi, kẹ́ ẹ má sọ fún oníṣòwò Dùgbẹ̀ yẹn.

Ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa dòní. Tí Ìyá bá ti pè láti Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó béèrè ọmọ wọn ni wọ́n á ti ní, "Áńgẹ́lì ńkọ́?" Mo máa ń ní ó wà, ó ń jẹ àgbàdo.