Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ̀wé

Kubwa, Àbújá. Ọjọ́ Sátidé.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn òbí ní Àbújá yìí ni pé ṣé kí àwọn pa Yorùbá tì nínú ilé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè tètè yọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu. Wọn kì í fi ṣeré rárá. Owó iléèwé wọ́n, àwọn iléèwé kan sì máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán ọmọ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kí ọmọ àwọn má di ẹni ẹ̀yìn.

Lónìí, Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ lẹ́yìn ilé wa ló tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Táyé àti Kẹ́hìndé ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ wọn kò sì tíì dán mọ́rán lójú ìyá wọn. Ẹnì kan níléèwé ti sọ fún un pé Yorùbá inú ilé ló ń dá àwọn ọmọ náà dúró. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ bá wọn sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò sì ju ti àṣẹ lọ: wá, jókòó, jẹun, dákẹ́, má fọwọ́ kàn án. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí àwàdà, kò sí “kí lo rí lọ́nà?” Obìnrin tó ń pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù lẹ́rìn-ín tó bá ń sọ Yorùbá ti wá di ẹni tó ń pàṣẹ fún ọmọ ara rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ padà sórí Yorùbá yín.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́. “Àǹtí, ẹ̀yin náà tísà ni o, ẹ sì ń sọ bẹ́ẹ̀?”

Torí pé mo jẹ́ tísà ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tó ń dé jẹ́léósinmi pẹ̀lú èdè kan tó kún lẹ́nu rẹ̀, èdè yòówù kó jẹ́, kì í pẹ́ mú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti mọ bí a ṣe ń ro ìtàn, ó ti mọ bí a ṣe ń béèrè, ó ti mọ̀ pé nǹkan ní orúkọ àti ìdí; ọ̀rọ̀ tuntun nìkan ló kù tí yóò so mọ́ ohun tó ti mọ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ju àṣẹ lọ ló máa ń jẹ́ iṣẹ́ fún wa.

Gbígbọ́ èdè méjì kì í dá ọ̀rọ̀ ọmọ dúró. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ìyẹn wò kárí ayé. Àṣìṣe tí àwọn èèyàn ń ṣe ni pé èdè kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà. Ọmọ Kubwa kan lè mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní Yorùbá látọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, díẹ̀ ní Haúsá látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń ṣeré, díẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó sọ pé kò tó. Ti ìbejì tún yàtọ̀: ó wọ́pọ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ díẹ̀ ju ti ọmọ tó dá wáyé, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í pé oṣù nínú, àti torí pé ẹnu ìyá kan ṣoṣo ni àwọn méjì jọ ń pín. Èwo ni ká tún wá bu díẹ̀ kúrò nínú ìpín wọn?

Ẹ̀wà ni Ìyá Ìbejì ń ṣà bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àtẹ wà lórí itan rẹ̀, àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń bá a yọ òkúta. Mo ní kó jẹ́ ká pàlọ́ fún wọn. Mo ké “Àlọ́ o!” Òun fúnra rẹ̀ ló gbè é, “Àlọ̀!” Àwọn ọmọ gbójú sókè.

“Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.”

Tindí tindì yẹn dùn mọ́ Táyé. Ó ń pè é tẹ̀ lé mi, ohùn ń lọ sókè, ohùn ń lọ sílẹ̀, kò sì ṣi ohùn kankan pè. Kẹ́hìndé ń wò wá ní tiẹ̀. Ìyá wọn ti fẹ́ sọ ìdáhùn, mo fọwọ́ tọ́ ọ kó dúró díẹ̀. Ló bá mú ẹ̀wà ẹyọ kan nínú àtẹ, ó gbé e sún mọ́ Kẹ́hìndé, ó fi ìka tọ́ ojú dúdú ara rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ọmọ náà wo ẹ̀wà. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ tó lé tìróò. Ó tún wo ẹ̀wà. Ó wá ké, “Ó lé tìróò! Ẹ̀wà lé tìróò!” Táyé náà gbà á lẹ́nu rẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wà han ara wọn, èyí lé tìróò, èyí náà lé tìróò, èyí kò lé, ó ti bó.

Ìyá Ìbejì wá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tí Kẹ́hìndé sọ yìí gùn ju gbogbo èyí tó ti sọ láti àárọ̀.

Ohun tí a ń wá nínú ìwé olówó gọbọi wà nínú àlọ́ yẹn. Ìró wà níbẹ̀ tí etí ọmọ ń yà sọ́tọ̀, etí tó bá sì ti mọ ìró í yà ni yóò mọ lẹ́tà í so mọ́ ìró lọ́la. Ìrònú wà níbẹ̀: a kò dárúkọ nǹkan náà, ọmọ ló wá a rí. Ó tún wà níbẹ̀ pé ẹnì kan sọ, èkejì sì dáhùn. Bí wọ́n bá ń ro àmàlà lálẹ́, ti ọmọrogùn wà: “Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́.” Àwọn ìyá wa kò pè é ní ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ sì ni.

Dídúró de èsì ọmọ ló ṣòro jù fún àwa àgbà. A ó bi ọmọ ní nǹkan, kó tó la ẹnu, a ti dá ara wa lóhùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ní láti gbọ́ ìbéèrè, kó wá ọ̀rọ̀, kó tò ó, kó tó sọ ọ́. Ẹ fi ọkàn ka ení dé àrún, ẹ máa wo ojú rẹ̀. Tó bá sì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi díẹ̀ kún un. Ó ní “mọ́tò”, ẹ ní “Bẹ́ẹ̀ ni, takisí aláwọ̀ ewé ló ń kọjá yẹn, ó ń gbé èrò lọ sí Wuse.” Ẹ má sọ fún un pé kò pè é dáadáa, ẹ ṣáà pe èyí tó dára, yóò gbọ́ ọ. Ọmọ ọwọ́ náà kò kéré jù fún èyí. Láti inú oyún ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ìyá wọn, wọ́n sì ti ń dá a mọ̀ nígbà tí wọ́n bá máa fi dáyé. Nígbà tó bá ń ṣe “àgùú” fún yín, ẹ dá a lóhùn, kí ẹ sì dákẹ́ kó tún ráyè sọ tirẹ̀.

Àwọn òbí máa ń ní kò sí àkókò, òótọ́ sì ni. Ẹni tó ń gbé ní Nyanya tàbí Mararaba tó ń ṣiṣẹ́ ní àárín ìlú mọ ohun tí gosiloo ń ṣe fún èèyàn: ọmọ ń sùn nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ ti sùn nígbà tí wọ́n wọlé. Ìdí nìyí tí mi kì í fi í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá wákàtí kan sọ́tọ̀. Ìgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ, tí ẹ ń dirun fún un, tí ẹ ń dúró de kéké, ìgbà yẹn náà ni. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ ń ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bàbá Ìbejì ń wọlé lálẹ́, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Sọ́ńdè wà. Ìtàn ohun tí bàbá rí lójú ọ̀nà, ọmọ kò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ dípò rẹ̀, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá, pé kí ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, ó sì sàn kó kéré sí i. Kátúùnù kì í dúró gbọ́ èsì ọmọ. Ti ìyá àgbà tó ń pe WhatsApp láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ki ọmọ ní oríkì, tí ọmọ ń dá lóhùn, ìyẹn yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é dáadáa.

Ti ìwé kíkà gan-an wá ńkọ́? Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ni a lò lónìí. Mo ní kí Ìyá Ìbejì kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan gàdàgbà sára ègé aṣọ tó ṣẹ́kù nílẹ̀. Orúkọ ara ọmọ ló máa ń kọ́kọ́ wù ú láti mọ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ló sì sábà máa ń tètè dá mọ̀. Kẹ́hìndé yóò rí K tirẹ̀ lára pátákó tí wọ́n kọ Kubwa sí, Táyé yóò rí T tirẹ̀ lára agolo tòmátì. A pàtẹ́wọ́ sí orúkọ náà: Tá-yé, méjì, Kẹ́-hìn-dé, mẹ́ta. Yorùbá rọrùn láti gé báyìí, torí sílébù wa kò gùn, kọ́ńsónáǹtì kì í sì í parí rẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń fi àtẹ́wọ́ gé ọ̀rọ̀, ba be bẹ bi kò ní ṣàjèjì sí i.

Àwọn ọmọ aládùúgbò wa ń gbé wàláà bọ̀ láti ilé kéwú bí a ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá Ìbejì bi mí bóyá kíka kéwú láti ọ̀tún àti ìwé iléèwé láti òsì kò ní da ọmọ lórí rú. Kò ní dà á rú, bí àgbà bá ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kà á.

Òbí tí kò mọ̀wé náà lè ka ìwé fún ọmọ, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, torí mo ti rí àwọn ìyá tí ìtìjú mú. Ẹ mú ìwé àwòrán, ẹ ṣí i, ẹ máa sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ bi ọmọ pé kí ló mú kí ọmọ inú àwòrán yìí máa sunkún, kí ló rò pé yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lórí ìwé náà ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ lè pe gbogbo lẹ́tà, kó ka gbólóhùn tán, kó má mọ ohun tó kà. Ìwádìí tí UNICEF bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2021 fi hàn pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 7 sí 14, nǹkan bí ẹnì kan péré nínú mẹ́rin ló lè ka ìtàn kékeré kó sì yé e.

Nígbà tí mo ronú lórí èyí ni ọ̀rọ̀ ìjọba tún dùn mí. Ìlànà ọdún 2022 ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde níbí ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Síbẹ̀ a ti dán an wò rí. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Bí iléèwé kò bá wá fàyè gba Yorùbá mọ́, ilé nìkan ló kù fún un.

Mo ṣì bi Ìyá Ìbejì ní ohun kan kí n tó dìde: ṣé àwọn méjèèjì máa ń gbọ́ dáadáa bí ó bá pè wọ́n láti ẹ̀yìn? Ọmọ tí kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tó lé ní ọdún kan àtààbọ̀, tàbí tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ lọ́mọ ọdún méjì, etí rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò, kí a má ti èdè sọ. Ní ìhà òkè ọya yìí, àrùn yírunyírun (meningitis) máa ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì lè dí ọmọ létí. Ó ní kò ṣe wọ́n rí, pé wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń kiri pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù láti òpin àdúgbò. Síbẹ̀ mo ní kó gbé wọn lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ọsibítù, kí ọkàn wa lè balẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi àti òun ó jọ lọ rí olùkọ́ wọn. Ìrọ̀lẹ́ la ó lọ, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti jáde, kí olùkọ́ náà lè ráyè bá wa jókòó, kó sì bi wá ní ohunkóhun tó bá fẹ́ bi wá.