Òkè Réunion Kò Gbé Mi Mì

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ fi ààwẹ̀ àti àdúrà gbè mí lẹ́yìn, ẹ bá mi gbé orúkọ Ọlọ́run ga. Ojú tó rí ibi tí kò fọ́, ire ló ń dúró dè.

Eré tí mo lọ sá lóṣù kẹwàá kì í ṣe eré orí títì. Erékùṣù Réunion ni, nínú Òkun Íńdíà, lábẹ́ ìjọba Faransé. Òkúta yíyọ́ tó ń tú jáde látinú ilẹ̀ ló di erékùṣù náà, ọ̀kan nínú àwọn òkè ibẹ̀, Piton de la Fournaise, ṣì ń yọ iná títí dòní. Láti 1989 ni wọ́n ti ń sáré la àárín erékùṣù náà kọjá. Diagonale des Fous ni wọ́n ń pè é, eré àwọn wèrè. Saint-Pierre létí òkun la ti gbéra lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Saint-Denis ni òpin. Ó ju kìlómítà 160 lọ, àpapọ̀ òkè tí èèyàn máa gùn sì tó nǹkan bíi mítà 10,000. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú ọ̀pá dání. Àsìkò tí wọ́n fún wa kò pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá sì pẹ́ dé ibùdó, ilé yá nìyẹn.

Alẹ́ àkọ́kọ́ dùn. Ará ìlú tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń lùlù, àwọn ọmọdé ń nawọ́ sí wa. Lẹ́yìn Cilaos, ìlú kan láàárín òkè, lọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. A gun Col du Taïbit, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá, a sọ̀ kalẹ̀ sí Mafate, àfonífojì tí òkè yí ká. Ọkọ̀ kankan kì í dé Mafate. Àwọn ẹrú tó sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ fara pamọ́ síbẹ̀, títí dòní, ẹsẹ̀ tàbí hẹlikópítà ni wọ́n fi ń wọlé. Nínú eré yìí, ẹni tó bá ti kó sí i, àfi kó tún gun òkè jáde.

Òru kejì ni òjò bẹ̀rẹ̀. Oorun ti ń kùn mí débi pé mo rí igi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, obìnrin tó ń din àkàrà ni mo pè é. Mo tiẹ̀ kí i pé ẹ kú iṣẹ́. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó bá ti sá a rí mọ ohun tí mò ń wí.) Kò pẹ́ sí i, òkúta tí mo tẹ̀ yí mọ́ mi lẹ́sẹ̀, gbìì! Àyà ni mo fi ń yọ̀ lọ sí ìhà ọ̀gbun. Mo ké "Jésù!" Iná orí mi já bọ́, mò ń wò ó bó ṣe ń yí lọ sísàlẹ̀, mi ò gbọ́ ibi tó balẹ̀ sí. Gbòǹgbò igi ló kọ́ okùn àpò ẹ̀yìn mi. Bàbá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó na ọwọ́, ó di okùn náà mú, ó fà mí gòkè. Kò gbọ́ èdè mi, díẹ̀ ni mo gbọ́ nínú tirẹ̀. Iná kejì wà nínú àpò mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò lè ṣí síìpù. Òun ló bá mi ṣí i, tó so iná náà mọ́ mi lórí bí ẹni ń wé gèlè fún ìyàwó. Ó wá ṣíwájú, mò ń tẹ̀ lé e títí a fi dé ibùdó.

Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, orúnkún wú, egungun kankan kò ṣẹ́. Wọ́n fọ ojú ọgbẹ́, wọ́n bu ọbẹ̀ gbígbóná fún mi, wọ́n ní ṣé mo máa dúró síbẹ̀. Mo ní rárá. Ọ̀nà tó kù kò dẹ̀, pàápàá Chemin des Anglais tí wọ́n fi òkúta dúdú tẹ́, oòrùn sì mú. Ṣùgbọ́n mo fẹsẹ̀ ara mi wọ pápá La Redoute ní Saint-Denis, níbi tí eré parí sí.

Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ fún mi pé òru ọjọ́ yẹn ni oorun dá lójú òun, tí òun sì kúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ní ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, kó máa wí. Àwọn kan ń bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀ gan-an. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ọpẹ́ ni mo wá dá lónìí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá jó dé iwájú pẹpẹ. Orúnkún kò tíì gbà kí n fò, màá rọra jó o. Ìrẹsì àti mọ́ín-mọ́ín wà fún tọmọdé tàgbà lẹ́yìn ìsìn. Ẹ yin Olúwa!