Bàbá tó ní àwọn fẹ́ "gan hyem"

Ọjọ́rú, alẹ́.

Ẹsẹ̀ ń dùn mí gan-an ṣùgbọ́n mi ò ní sùn láìkọ èyí sílẹ̀, torí tí mo bá ní ó di ọ̀la, wàhálà iṣẹ́ ọ̀la á ti gbá gbogbo ẹ̀ kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nílé ìwòsàn níbí ní Newcastle, àríwá ilẹ̀ England, mi ò ní dárúkọ wọn. Rọpárọsẹ̀ ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ọmọ Wallsend ni wọ́n, létí odò Tyne, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láyé ọjọ́sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kan Mauretania tí wọ́n tì sómi lọ́dún 1906, ọkọ̀ tó tóbi jù lọ láyé nígbà yẹn. Ọmọ wọn obìnrin sọ fún mi pé ọmọ ọdún 15 ni bàbá òun nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ jíjó irin níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á wojú èèyàn, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè, ohùn á jáde, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọmọ wọn á jókòó tì wọ́n láti aago méjì ọ̀sán títí tí wọ́n á fi ní kí àwọn àlejò máa lọ, á máa sọ̀rọ̀ fún wọn bí ẹni pé wọ́n ń dá a lóhùn.

Lónìí, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wa lóṣù yìí wá wò wọ́n. Ọmọ apá gúúsù ilẹ̀ England ni, èèyàn dáadáa ni o, ó máa ń fara balẹ̀ pẹ̀lú àwọn arúgbó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi bàbá pé báwo lara. Bàbá la ẹnu, wọ́n ní, "Ah want te gan hyem, hinny." Kò já gaara torí ẹnu wọn ò tíì gún, ṣùgbọ́n ó jáde. Dókítà tún bi wọ́n, bàbá tún sọ ọ́. Ọmọkùnrin yẹn wá yíjú sí mi, ó ní ó jọ pé ohùn ti ń padà bọ̀ ṣùgbọ́n kò tíì sí ìtumọ̀ nínú ẹ̀, ó ti gbé bírò kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo ní rárá o dókítà, odindi gbólóhùn ni wọ́n sọ yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé.

Èmi gan-an ni wọ́n ń bá sọ ọ́, torí hinny ni wọ́n máa ń fi pe obìnrin níbí tí wọ́n bá fẹ́ fi ìfẹ́ pè é. Gan ni kéèyàn lọ, hyem ni ilé. Ẹ wò ó, èmi ọmọ Ìbàdàn ni mo dúró láàárín òyìnbó méjì tí mò ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn fún ara wọn. Dókítà ò bínú o, ó padà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òun náà wá fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "gan hyem?" Bàbá wá mi orí, omi bọ́ lójú wọn, èmi náà ò lè gbé e mọ́ra, mo yíra padà bí ẹni ń tún ìrọ̀rí ṣe.

Látàárọ̀ ni mo ti ń rò ó pé tó bá jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo dúró síbẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó dé láná ni, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì bàbá olóye pé ohun tí wọ́n ń sọ ò nítumọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn fi tọ́ wọn dàgbà nìyẹn o. Mo mọ̀ pé dókítà yẹn ò ní ìkà nínú, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Nígbà tí èmi náà dé Newcastle lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ti jókòó ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe fáwa nọ́ọ̀sì, mo yege dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí mò ń gbọ́ ò pọ̀ rárá. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni ti àwọn tó ń ka ìròyìn ní BBC láyé àtijọ́, ti gúúsù ni. Kódà ó wà lẹ́nu wa nínú Yorùbá tí à ń sọ, à ń pe bus ní bọ́ọ̀sì, à ń pe Monday ní Mọ́ńdè, torí bó ṣe dún létí wa látẹnu àwọn yẹn nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé àwọn ará Newcastle ló kọ́kọ́ kọ́ wa ni, búùsì la ò bá máa wọ̀, à bá sì máa lọ síbiṣẹ́ ní Múńdè. Ohùn wọn tún máa ń gòkè níparí ọ̀rọ̀ nígbà tí wọn ò béèrè nǹkan kan, àwa tí a ń fi ohùn ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ àti ọkọ́, etí wa máa ń tètè gbé e. Bairn ni wọ́n ń pe ọmọdé, barn ni wọ́n sì ń pè é ní Norway, hyem yìí náà, hjem ni àwọn ará Norway ń pe ilé. Àwọn àgbà ibí fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́ fún èèyàn pé ẹ̀gbẹ́ òkun kejì lọ́hùn-ún ló bá wa tan, kì í ṣe London. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, ẹ máa rí i tí àyà wọn á wú.

Àyà wíwú yìí kì í ṣe tòní. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Daniel Defoe rin ilẹ̀ yìí ká ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, nígbà tó dé Northumberland, lókè wa níbí, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà r láti ọ̀nà ọ̀fun, ó kọ ọ́ pé àbùkù ahọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ní àwọn èèyàn ibẹ̀ ń fi yangàn ni o, torí ó fi hàn pé ìran wọn ti pẹ́ nílẹ̀. Ó wá pè é ní ṣiboleti. Níbi ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kà á.

Ẹ rántí ìtàn yẹn nínú Àwọn Onídàájọ́ orí 12. Àwọn ará Gileadi dí ojú odò Jọ́dánì, ẹni tó bá fẹ́ kọjá, wọ́n á ní kó pe Ṣiboleti, tó bá pè é ní Siboleti, wọ́n á mọ̀ pé Efraimu ni, wọ́n á pa á, 42,000 ló kú. Àwa ọmọ Ìbàdàn, ẹ mọ̀ wá, s ló máa ń jáde lẹ́nu wa níbi tí àwọn ẹlòmíì ti ń pe ṣ. Mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Sọ́ńdè sùkúùlù níbòmíì tí kì í ṣe Ìbàdàn, tíṣà ní kí n ka ẹsẹ yẹn sókè, mo kà á, méjèèjì jáde bákan náà lẹ́nu mi. Gbogbo kíláàsì pariwo pé wọ́n á ti pa mí lójú odò. Mo dé ilé, mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní, "Sé ìwọ ni wọ́n fẹ́ pa? Jẹ́ kí wọ́n wá bá mi nílé." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ dòní. Tí mo bá gbé fóònù tí mo gbọ́ "Sé o ti jẹun?" mi ò tún béèrè ta ni mọ́.

Ohun tí mò ń rò nìyẹn nígbà tí mo rántí obìnrin kan tí ìwé ìròyìn gbé lọ́dún 2006, ará Newcastle níbí ni, rọpárọsẹ̀ náà ló ṣe é. Ó jí, ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn Newcastle ti lọ, àwọn kan gbọ́ ọ bí ará Jàmáíkà, àwọn míì gbọ́ ọ bí ará ibòmíì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Norway nígbà ogun Hitler, àfọ́kù àdó olóró ba obìnrin kan lórí lọ́dún 1941, nígbà tí ara ẹ̀ yá ohùn ẹ̀ dà bí ti ará Jámánì, ni wọ́n bá kọ̀ láti tajà fún un nílùú ara ẹ̀. Ọdún 1941 yẹn kan náà ni BBC gbé Wilfred Pickles, ọmọ Halifax ní Yorkshire, síbi ìròyìn, wọ́n ní ohùn tiẹ̀ á ṣòro fáwọn ará Jámánì láti sín jẹ, ó sì máa ń fi "good neet", ìyẹn good night lẹ́nu tiwọn, kí àwọn ará Àríwá. Àwọn kan kọ lẹ́tà pé àwọn ò lè gba ìròyìn gbọ́ látẹnu irú ohùn bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ka ibẹ̀ yẹn, inú á bí mi bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má pe gbogbo wọn ní Geordie o, orúkọ tí wọ́n ń pe ará Newcastle nìyẹn. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Sunderland ló ti wá, mo pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi sùúrù là mí lóye pé Mackem lòun, pé tí wọ́n bá fẹ́ ní "ó yá", ará Newcastle ló ń sọ "howay", "haway" làwọn ń sọ. Ìlú méjèèjì ò jìnnà rárá, ọkọ̀ ojú irin Metro kan náà ló so wọ́n pọ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, wọn ò sì ní fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó yé mi dáadáa, ẹ lọ pe ọmọ Ìjẹ̀bú ní ọmọ Ẹ̀gbá kẹ́ ẹ wò ó. Nígbà tí Newcastle gba ife ẹ̀yẹ ní Wembley ní oṣù kẹta ọdún 2025, tó jẹ́ pé láti 1955 ni wọn ò ti gba irú ẹ̀ nílẹ̀ yìí, tí wọ́n wá gbé e dé Town Moor, pápá gbalasa kan níbí, mo dúró sáàárín èrò yẹn, "wor lads, wor lads" ni gbogbo wọn ń ké, àwọn ọmọ wa. Èmi náà ń ké e.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ-ọmọ bàbá dé láti London. Níbi iṣẹ́ tó ti kọ́kọ́ wọ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sọ fún un pé kó wá nǹkan ṣe sí ohùn ẹ̀ tó bá fẹ́ máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Mi ò bá a wí, ó fẹ́ jẹun. Nígbà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ò lè mọ ibi tó ti wá. Ó wọlé, ó di ìka bàbá mú, bàbá ní "bonny lad", ọmọkùnrin dáadáa. Ohùn tó fi dáhùn báyìí, tí mo bá dijú ni, mo lè ní bàbá gan-an ni nígbà tí wọ́n wà lọ́mọkùnrin.

Kí n tó kúrò, èmi àti ọmọ wọn obìnrin mú páálí funfun tó wà lókè ibùsùn, a kọ àwọn ọ̀rọ̀ síbẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ lóru. Gan, kéèyàn lọ. Hyem, ilé. Divvent, ẹ má ṣe é. Clamming, ebi ń pa mí gan-an. Mo rò pé ó ti tán, mo ti ń dé bírò. Ó ní kí n dúró ná, kí n fi femmer sí i, torí bàbá òun ò ní sọ láéláé pé ara ò yá, kódà kí wọ́n máa kú lọ, "a bit femmer" ni wọ́n máa sọ, tí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ ìyẹn kó sáré wá. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fa ìlà méjì sí i nídìí.