Ọdún tí mo lò nínú tébù Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀yin tèmi, ẹ kú ìparí ọdún o. Mo jókòó pé kí n ṣe àyẹ̀wò ọdún bí mo ṣe máa ń ṣe é, kí n to gbogbo ẹ̀ láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà, mo wẹ̀yìn wò, Máàṣì nìkan ni mo rí. Fẹ́búárì ńkọ́? Bóyá mo sanwó iná nínú ẹ̀. Kódà nígbà tí Kábíyèsí Awùjalẹ̀ wàjà ní Júláì 13, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́, tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde pa rọ́rọ́, iwájú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti wá bá mi, mo ń ka tébù, àwọn àtẹ àkọsílẹ̀ inú dátábéèsì.

Ẹ mọ Ẹ̀gbọ́n, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, mi ò ní tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, orí MySQL ayé ìgbà yẹn (ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátábéèsì), tébù 41, wọn ò sì kọ ìlà kan sílẹ̀ nípa ẹ̀. Tá a bá bi wọ́n, wọ́n á fìka tọ́ orí: "Ibí ló wà." Ní Jánúárì wọ́n ní kí n wá ní Sátidé kan, ìyàwó wọn á se ìkọ́kọrẹ́, àwọn á máa sọ, kí n máa kọ. Mo ní ó dìgbà tọ́wọ́ mi bá dilẹ̀. Ọwọ́ mi dilẹ̀ ní Épúrẹ́lì. Máàṣì la sin wọ́n. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Bí èmi àti tbls ṣe pàdé nìyẹn, irinṣẹ́ kan tó ń kọ ìwé àlàyé nípa dátábéèsì. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Go ni wọ́n fi kọ ọ́, kò ní bọ́tìnì kankan, inú terminal, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lẹ ti máa pè é. Ẹ fi àdírẹ́sì dátábéèsì yín sínú .tbls.yml, ẹ tẹ `tbls doc`, á wọlé lọ wo gbogbo tébù, á kọ ojú ìwé Markdown fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tún ya àwòrán bí wọ́n ṣe tan mọ́ra. Mo tẹ̀ ẹ́, inú mi ń dùn, àwòrán jáde: àpótí 41, okùn kan ò so wọ́n pọ̀, wọ́n dúró bí èrò ní gáréèjì, kálukú ń wojú ọ̀nà tiẹ̀. Àṣé MyISAM, ọ̀nà àtijọ́ tí MySQL fi ń tọ́jú tébù, ni Ẹ̀gbọ́n lò, MyISAM ò sì ka foreign key, okùn tó ń so tébù kan mọ́ òmíràn, sí, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ fún un á ní òun ti gbọ́, kò ní ṣe nǹkan kan (mo ní àbúrò kan tó rí bẹ́ẹ̀). Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo ìbátan wọn sábẹ́ `relations` nínú .tbls.yml, oṣù méjì gbáko.

Èyí tó wá le jù ni àyè Comment, ibi tó yẹ kí àlàyé column kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọwọ̀n inú tébù, wà. Gbogbo ojú ìwé ló ní in, gbogbo ẹ̀ ló ṣófo. Tbls mọ orúkọ, ó mọ̀ bóyá nọ́ńbà ni àbí ọ̀rọ̀, ohun tó wà lọ́kàn Ẹ̀gbọ́n ni ò mọ̀.

Ẹ wo eléyìí. Nínú tébù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, column kan wà tó ń jẹ́ `opo`, 0 tàbí 1 ló ń wà níbẹ̀. Kò lámì ohùn, ẹ ṣáà mọ kọ̀ǹpútà. Èèyàn 17 ló ní 1. Mo ní òpó ni, àwọn òpó ẹgbẹ́, àwọn bàbá olówó, mo sì fi ìgboyà kọ ọ́ síbẹ̀. Ó dọjọ́ tí màmá kan tó ń ta gàrí ní Òkè-Ajé wá sanwó, mo rí 1 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn, mo bá ń kí wọn bí olóyè. Wọ́n ní, "Òpó ẹgbẹ́ bíi ti báwo? Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi kú, tí mi ò rówó san, ọ̀gá yín ní wọn ò ní gbowó ìtanràn lọ́wọ́ mi mọ́."

Opó.

Mo padà lọ wo kóòdù, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni tó bá ti ní 1, ìtanràn ò kàn án. Gbogbo ọdún tá a fi jọ ṣiṣẹ́, wọn ò sọ ọ́ létí ẹnì kankan.

Ní Òkìtóbà, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n wá sí ọ́fíìsì nítorí káàdì wọn, wọn ò tíì san ti oṣù mẹ́ta, ìtanràn ti gorí ìtanràn. Mo kọ UPDATE, àṣẹ tó ń yí ohun tó wà nínú tébù padà, mo sọ `opo` wọn di 1. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo yẹ WHERE, ibi tó ń sọ ẹni tí àṣẹ náà kàn, wò, torí tí mo bá gbàgbé ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹgbẹ́ ni mo máa sọ di opó, títí kan akápò wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó kejì.

Ẹ ṣé o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pè mí lóru. Màámi, ẹ ṣé fún oúnjẹ. Agùnbánirọ̀ wa náà, tó ń bá mi kọ comment pẹ̀lú sípẹ́lì tó wù ú, o káre. Lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá a máa kó gbogbo ẹ̀ lọ sí InnoDB, èyí tó ń ka foreign key sí ní tiẹ̀, mo ní bóyá o, ẹ má gbá mi mú.

Mo ti tan requireColumnComment, òfin tó ní kí gbogbo column ní àlàyé, `tbls lint` á sì máa pariwo níwọ̀n ìgbà tí àyè kan bá ṣófo. Ẹyọ kan ló kù, `jkt`, 0 ni fún gbogbo èèyàn, ẹnì kan ò mọ ohun tó jẹ́. Agùnbánirọ̀ ní ká pa á rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀.