Iṣẹ́ olùkọ́ni àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà: ohun tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹ kó mọ̀ ṣáájú ìdánwò

“Ṣé ìdánwò yẹn le?” Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, ìbáà jẹ́ àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi, ìbáà jẹ́ àwọn ọmọ LAUTECH. Ìdánwò náà kò ju agbára wọn lọ. Wákàtí iṣẹ́ tí wọ́n ń béèrè kó tó di ìdánwò ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró, ẹlòmíràn kì í sì í mọ̀ títí tó fi lo ọdún méjì mẹ́ta níbi tí wákàtí kankan kò ti jọ.

CDCES ni orúkọ ìwé ẹ̀rí tí olùkọ́ni àtọ̀gbẹ ń gbà ní Amẹ́ríkà. Kó tó di 2020, CDE ni wọ́n ń pè é, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí lẹ́tà mẹ́ta yẹn lára káàdì àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àjọ CBDCE ló ń fúnni. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ tó ṣì múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bíi RN (nọ́ọ̀sì tó ti forúkọ sílẹ̀), apòògùn, onímọ̀ oúnjẹ, dókítà tàbí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ìlera mìíràn tí wọ́n kà sílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún 2. Lẹ́yìn náà ni wákàtí 1,000 nínú ìtọ́jú àti ìkọ́ni àwọn alátọ̀gbẹ, kí gbogbo rẹ̀ wà láàárín ọdún 4, kí 200 nínú rẹ̀ sì bọ́ sínú ọdún tó kẹ́yìn. Wákàtí 15 ti ẹ̀kọ́ àfikún láàárín ọdún 2 náà wà níbẹ̀. Ìdánwò fúnra rẹ̀, ìbéèrè 200 ní wákàtí 4 ni. 175 ni wọ́n ń fún ní máàkì, 25 tó kù, àwọn ni wọ́n ń fi dán ìbéèrè tuntun wò, ẹ kò sì ní mọ èwo ni èwo.

Wákàtí tí ẹ ṣe ní Nàìjíríà kò wọlé sínú 1,000 yẹn, bó ti wù kó pọ̀ tó. Amẹ́ríkà àti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ti ṣe klíníìkì àtọ̀gbẹ fún ọdún 10 nílé yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ó dùn wá, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Ìmọ̀ yín kò ṣòfò, òun ni yóò mú kí 1,000 náà rọ̀ yín lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 1,000 láàárín ọdún 4 jẹ́ 250 lọ́dún kan, nǹkan bíi 5 lọ́sẹ̀ kan. Kò pọ̀. Ibi tó ti ń dojú rú ni ohun tí wọ́n ń pè ní wákàtí. Kí nọ́ọ̀sì gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ ínsúlìn ní wọ́ọ̀dù, kó sì bá tirẹ̀ lọ, kò tó. Kẹ́ ẹ jókòó ti aláìsàn, kẹ́ ẹ wádìí ohun tó mọ̀ àti ohun tó ń dí i lọ́wọ́, kẹ́ ẹ bá a gbé ètò kalẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́ ọ, kẹ́ ẹ padà wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́: ohun tí wọ́n ń kà nìyẹn. Nítorí náà ni iṣẹ́ òru, tí àwọn ará wa fẹ́ràn nítorí owó rẹ̀, fi jẹ́ ọ̀tá 1,000. Aláìsàn tó ń sùn, ta ló fẹ́ kọ́ ọ? Ẹ wá iṣẹ́ ọ̀sán, tàbí klíníìkì tí aláìsàn ti ń wá láti ilé. Bí wọ́ọ̀dù lẹ bá wà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé ẹ̀yin ni ẹ ó máa kọ́ àwọn alátọ̀gbẹ tó fẹ́ lọ ilé. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni iṣẹ́ yẹn ń sú, wọ́n á gbé e fún yín tayọ̀tayọ̀. Ẹ máa kọ ọjọ́, iye wákàtí, irú ẹ̀kọ́ àti orúkọ ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ má kọ orúkọ aláìsàn. Àjọ náà lè pè yín fún àyẹ̀wò, ẹni tó bá sì fẹ́ rántí ọdún 4 lẹ́ẹ̀kan náà yóò parọ́ láìmọ̀.

LPN, ìyẹn nọ́ọ̀sì tí ipò rẹ̀ kéré sí RN, kò sí nínú àwọn ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn nítorí pé ó yá, kó mọ̀ pé RN ṣì ń dúró dè é.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ bèèrè bóyá ADA tàbí ADCES, àwọn ẹgbẹ́ àtọ̀gbẹ méjì ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí ètò ìkọ́ni ibẹ̀. Owó ló fà á. Medicare, tó ń san owó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, máa ń san fún wákàtí ìkọ́ni 10 ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wákàtí 2 lọ́dọọdún, bí dókítà tó ń tọ́jú ẹni náà bá ti kọ ìwé pé kó lọ. Ètò tí wọn kò fọwọ́ sí kò rí owó yẹn gbà, níbi tí owó kò bá sì wọlé, iṣẹ́ olùkọ́ni ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló ti ń hàn pé ọmọ ilé yàtọ̀. Àwo kan tó fẹ̀ ní ínǹṣì 9 ni wọ́n fi ń kọ́ni níbí: ẹ̀fọ́ gba ìdajì, ẹran tàbí ẹja gba ìdá kan nínú mẹ́rin, oúnjẹ agbára gba ìdá tó kù. Ó dára fún ẹni tó ń jẹ ìrẹsì àti adìẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń kì ní Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, abọ́ méjì ló fi ń jẹun, ọkà nínú ọ̀kan, ewédú àti gbẹ̀gìrì nínú èkejì. Bí ẹ bá fi àwòrán àwo han màmá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ká a sínú báàgì, wọ́n á sì délé rokà bí wọ́n ṣe ń rò ó.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n wọn èlùbọ́ kó tó kan omi gbígbóná. Gíráàmù 100 èlùbọ́ iṣu ní kabohaidíréètì tó tó gíráàmù 75 sí 80. Ti gaàrí gbígbẹ lé díẹ̀ ní 80. Gíráàmù 60 èlùbọ́ yóò wá jẹ́ nǹkan bíi 45, ìyẹn ìpín 3 nínú ìṣirò àwọn ará ibí, tí wọ́n ń ka gíráàmù 15 sí ìpín kan. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, kí wọ́n rò ó, kí wọ́n sì wo ìwọ̀n ìgbakọ tó bá dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ojú á ti mọ̀ ọ́n, òṣùwọ̀n á padà sínú àpótí. Ewédú lè kún abọ́. Gbẹ̀gìrì ní ìwọ̀n, ẹ̀wà ni, ó ní kabohaidíréètì tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í tètè gbé ṣúgà sókè.

Èyí tó ń fa wàhálà jù ni ọkà ògẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé kò ní ṣúgà, wọ́n á wá jẹ ẹ́ ní ìlọ́po méjì. Kabohaidíréètì inú èlùbọ́ ògẹ̀dẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti iṣu. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà wọn wò kí wọ́n tó jẹ ẹ́, àti wákàtí 2 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ á bá yín sọ ọ́.

Àgbàlagbà Yorùbá tó ń mi orí, tó ń sọ pé “mo ti gbọ́, ọmọ mi,” lè má tíì gbọ́ ohunkóhun. Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni. Ẹ ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí bí ẹ ṣe ń ṣe é nílé.” Kí wọ́n gbé péènù ínsúlìn wọn jáde gan-an. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí ohun tó pamọ́. Abẹ́rẹ́ péènù tí wọ́n ń tà fún ilò nínú ilé ní ìdérí méjì, ti òde tó tóbi àti ti inú tó tẹ́ẹ́rẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọsibítù sábà máa ń ní ẹyọ kan ṣoṣo tí èèyàn ń fọwọ́ yọ. Aláìsàn tí wọ́n kọ́ ní ọsibítù á délé, á yọ ti òde, á fi ti inú sílẹ̀, á tẹ péènù mọ́ ikùn, ínsúlìn á dà sí ara ìdérí, ṣúgà á sì dúró sí 300 (mg/dL, bí wọ́n ṣe ń kà á ní Amẹ́ríkà) lójoojúmọ́. Bí dókítà kò bá mọ̀, iye oògùn ni yóò fi kún un, ìyẹn sì léwu lọ́jọ́ tí ìdérí náà bá wá kúrò.

Ẹ wo ìyókù náà: abẹ́rẹ́ tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ́kọ́ yí nọ́ńbà péènù sí 2, kí wọ́n dojú abẹ́rẹ́ sókè, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀kán ínsúlìn yóò fi yọ, bí wọ́n bá ti gún un, kí wọ́n ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá kí wọ́n tó fà á jáde. Ínsúlìn alápòpọ̀ 70/30 ní láti yí láàárín àtẹ́lẹwọ́ nígbà 10, kí wọ́n sì dojú rẹ̀ délẹ̀ nígbà 10, títí tí yóò fi funfun bákan náà. Ẹ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ń gún. Bó bá ti le, tó wú kókó, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gún nítorí pé kò dùn wọ́n mọ́. Ínsúlìn kì í wọlé dáadáa láti inú kókó. Bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀ lọ sí ara tó dán, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú.

Àyẹ̀wò HbA1c ń sọ ìwọ̀n ṣúgà oṣù méjì mẹ́ta, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń gbé tó 120 ọjọ́. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rárá, èsì rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Nínú wa tí AS pọ̀ láàárín wa, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé nọ́ńbà àwọn tó jẹ́ AS máa ń kéré sí bí ṣúgà wọn ṣe rí gan-an. Bí HbA1c bá sọ pé 6.4, tí ẹ̀rọ ilé sì ń sọ 190 ní gbogbo ìgbà, ẹ bèèrè jínótáìpù. Ọ̀pọ̀ ará ibí kò mọ tiwọn; ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n sórí nítorí ìgbéyàwó, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í.

Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ náà, ti Ràmàdáánì àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Aláìsàn kì í sọ fún dókítà òyìnbó. Ẹni tó ń lo glibenclamide (oògùn oníhóró tó ń mú ṣúgà wálẹ̀) tàbí ínsúlìn ni ẹ̀rù bà wá fún jù. Ó yẹ kó rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ṣáájú, kó sì mọ̀ pé bí ṣúgà bá lọ sísàlẹ̀ 70 tàbí ó kọjá 300, ààwẹ̀ ti tú. Bó bá já wálẹ̀: ìdajì ife, nǹkan bíi mìlílítà 120, omi èso tàbí mínírà olóṣúgà, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìdánwò kan ṣoṣo bíi CDCES. Nọ́ọ̀sì tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀, máa ń kọ́ iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, á sì wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àtọ̀gbẹ, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Band 6. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ kankan ní Amẹ́ríkà lè di kóòṣì nínú ètò ìdènà àtọ̀gbẹ ti CDC, àjọ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà: ọdún kan ni kíláàsì wọn, ó kéré tán ìpàdé 16 ní oṣù 6 àkọ́kọ́, ìfojúsùn sì ni kí ara fúyẹ́ ní ìdá 5 sí 7 nínú 100, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 150 ìdárayá lọ́sẹ̀.

Bó bá ti di pé ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, gbogbo ẹbí ni yóò máa pè yín lórí WhatsApp. Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan níbí kò fún yín láyè láti yí oògùn ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ padà, dókítà wọn ló ni ìyẹn. Ẹ lè wò wọ́n lórí fídíò bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè irú nọ́ńbà tí ẹ̀rọ wọn ń lò. Àbúrò tó wà ní London á sọ pé ṣúgà òun jẹ́ 9, bàbá nílé á sọ pé tòun jẹ́ 162. Nǹkan kan náà ni: mmol/L ni ti London, mg/dL ni ti bàbá, 9 ní ọ̀nà 18 sì jẹ́ 162. Bí iná bá lọ, ínsúlìn lè wà nínú ìkòkò amọ̀ kékeré tó wà nínú ńlá, pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín wọn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ayẹ̀ṣúgàwò ránṣẹ́ sílé, ẹ ní kí ẹnì kan lọ bèèrè ní ilé oògùn tó sún mọ́ wọn, sítíríìpù èwo ni wọ́n ní lórí àtẹ àti iye tí wọ́n ń tà á, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ tó bá a mu. Ẹ tún sọ fún wọn kí wọ́n má da sítíríìpù sínú ọ̀rá, kó wà nínú agolo rẹ̀, kí ìdérí sì pa dé.