Ife Tí Mo Fọ́ ní Kyoto

Ọjọ́ kejì tí mo dé Kyoto ní Jàpáánù ni mo fọ́ ife onífe. Oṣù kọkànlá ni, òtútù ti ń mú, mo sì wọ̀ sí ilé kékeré kan lápá ìlà-oòrùn ìlú náà. Omi gbígbóná ni mo fẹ́ bù. Ife náà yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ó fọ́ sí mẹ́rin. Ife amọ̀ ni, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, etí rẹ̀ ò sì gún.

Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá onílé náà kúnlẹ̀ tì mí, ó ń ṣa àpáàdì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí kò ju èékánná ọmọdé lọ. Ó fi ìwé ìròyìn wé wọn. Fóònù ló ń bá wa túmọ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ má dà á nù. Ó ṣì máa di ife."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn mo lọ sí Kinkaku-ji, tẹ́ńpìlì tí wọ́n fi wúrà bò. Ó dára, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n Ginkaku-ji tí mo yà sí lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè lọ mọ́. Tẹ́ńpìlì Fàdákà ni wọ́n ń pè é, kò sì sí fàdákà kankan lára rẹ̀. Igi lásán ni, tí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ti pa láró. Ashikaga Yoshimasa, ṣógun (olórí ogun tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà) tó ti gbé ìjọba sílẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ibẹ̀ ní 1482, nígbà tí ogun ọdún mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ sun Kyoto di eérú tán. Mo jókòó níbẹ̀ títí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ tì í.

Wabi-sabi ni àwọn ará Jàpáánù ń pe irú ẹwà yìí. Níbẹ̀rẹ̀, òṣì àti ìdánìkanwà ni wabi ń tọ́ka sí. Sabi jẹ mọ́ ohun tó ti gbó, tí ọdún hàn lára rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ tíì, pàápàá Sen no Rikyu tó kú ní 1591, ló sọ òṣì náà di iyì: yàrá tóóró, abọ́ amọ̀ tí a fi ọwọ́ lásán mọ. Èmi ti máa ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ohun tó túmọ̀ sí ni kéèyàn fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìdí ni pé lọ́jọ́ kẹta, ìyá onílé mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń ṣe kintsugi, iṣẹ́ títún àwo tó fọ́ ṣe. Oje igi urushi ni wọ́n fi ń lẹ àwo tó fọ́. Ẹbí kan náà ni igi yìí àti igi káṣú àti mángòrò, ẹni tí oje káṣú bá sì ti bó lára rí yóò mọ ìdí tí bàbá fi wọ ìbọ̀wọ́. Igi náà á lò tó ọdún 10 sí 15 kí wọ́n tó sá a lára, nǹkan bí 200 gíráàmù oje péré ni wọ́n sì ń rí lára ọ̀kan. Bàbá po oje mọ́ fúláwà, ó ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ fà á títí ó fi ń yọ̀ bí ewédú. Ó fi pa etí àpáàdì kọ̀ọ̀kan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó kàn wọ́n pọ̀, ó dì wọ́n mú bí ẹni tí kò mí. Eléyìí tó dà bí èékánná ló pẹ́ lé lórí jù.

Mo rò pé yóò sá a sóòrùn. Rárá o. Inú àpótí onígi tí aṣọ tútù wà ló gbé e sí. Urushi kì í gbẹ bí ọ̀dà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un le. Á dúró lọ́sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá á wá fá a, á dí ibi tó bá jìn, á tún dá a padà sínú àpótí, á tún dúró. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ló máa tó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa urushi sójú ọgbẹ́ náà, kó sì wọ́n wúrà tí wọ́n lọ̀ kúnná lé e kó tó le. Ojú ọgbẹ́ nìkan ni wúrà ń lọ.

Bí mo ṣe ń wo ọwọ́ bàbá, ilẹ̀ àpáàdì Ilé-Ifẹ̀ ló ń wá sí mi lọ́kàn, èyí tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, ọba obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́: àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n tò ní òró, ọ̀kan ti èkejì, títí ó fi di ojúde. Mo ti rìn lórí rẹ̀ rí nígbà tí mo wà nílé ìwé. N kò bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Mo fẹ́ sanwó ife, ìyá onílé kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, inú àpótí ló ṣì wà. Oṣù kejì ọdún ni wọ́n tó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìlà wúrà sọ̀ kalẹ̀ láti etí, ó pẹ̀ka, ó sì yí àpáàdì kékeré yẹn po bí òrùka. Tíì wà nínú rẹ̀, ooru ṣì ń rú lójú rẹ̀.