Àmì àyọlò méjì ló gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi

Mo ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan nílé tí mo fi Debian, irú Linux kan, sí. Kò ní ohunkóhun téèyàn lè fi máòsì tẹ̀: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, ó tán. Tí mo bá fẹ́ kó mọ Wi-Fi ilé wa, inú fáìlì ni mo ti máa kọ ọ́, /etc/wpa_supplicant/wpa_supplicant.conf. wpa_supplicant ni ètò tó ń so ẹ̀rọ náà mọ́ Wi-Fi; nínú fáìlì rẹ̀, ssid ni orúkọ Wi-Fi, psk sì ni pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀.

Orí fóònù ni pásíwọ́ọ̀dù wà, torí náà ibẹ̀ ni mo ti kọ gbogbo rẹ̀, mo wá fi okùn gbé e sórí láptọ́ọ̀pù:

network={
    ssid=“IleWa”
    psk=“pásíwọ́ọ̀dù wa”
}

Kò wọlé. Mo pa rọ́tà, mo tún un tàn. Mo ní bóyá Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù ti bàjẹ́, mo lọ ra oní-USB. Owó yẹn ṣì ń dùn mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo pe àbúrò mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bi í pé kí ló ń ṣe é?” Ó ní kí n tẹ èyí:

sudo wpa_supplicant -i wlp2s0 -c /etc/wpa_supplicant/wpa_supplicant.conf

sudo ló ń fún àṣẹ náà ní agbára ọ̀gá, wlp2s0 sì ni orúkọ Wi-Fi inú láptọ́ọ̀pù mi. Kíá ni wpa_supplicant dárúkọ ìlà tí kò yé e. Ẹ padà wo àmì àyọlò tó wà lókè yẹn. Fóònù ti tẹ̀ wọ́n kọdọrọ. Èyí tó nàró gbọnrangandan, ", nìkan ni fáìlì yìí mọ̀. Èmi ò rí ìyàtọ̀, àmọ́ kọ̀ǹpútà rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, orí ẹ̀rọ náà gan-an ni kí ẹ ti kọ fáìlì yín, kí ẹ fi nano, ètò ìkọ̀wé kékeré kan, kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi àṣẹ cp ṣe ẹ̀dà ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi àlàfo sí ẹ̀gbẹ́ =. Ẹ fi àṣẹ chmod 600 tì í kí ẹni tó ni fáìlì náà nìkan lè kà á, torí pásíwọ́ọ̀dù yín wà níbẹ̀ ní gbangba. Àṣẹ mìíràn, wpa_passphrase, lè sọ pásíwọ́ọ̀dù náà di lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 tí kò nílò àmì àyọlò, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ lórí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #. Ẹ pa ìlà yẹn rẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni priority. Mo kọ network={ kejì fún fóònù mi, mo fún ti ilé ní priority=10, mo fún ti fóònù ní 5; èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló máa ń kọ́kọ́ mú. Bí iná bá lọ tí rọ́tà kú, mo kàn máa ń tan hotspot ni, láptọ́ọ̀pù á wá a kàn fúnra rẹ̀.